Ẹrù Tí Ìyá Àgbà Fi Ń Rìn

"Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí Màmá kó pàǹtí yẹn wá sí Àgọ́-Ìwòyè o. Ohunkóhun tí wọn kò bá ti lò láti ọdún tó kọjá, ẹ jù ú nù. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹsẹ̀ kọ ọ̀kan nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣubú, ẹ̀yin ni n ó bi."

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń kìlọ̀ fún mi lórí fóònù. Tíṣà ni ní Àbìgì, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì ló sì ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Èmi wà nínú yàrá Màmá ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mo fi ọwọ́ méjèèjì ya ẹnu àpò ńlá kan. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ohùn àbúrò mi kì í gbé inú fóònù.

"Bá mi kí i," ni Màmá wí. "Sọ fún un pé tó o bá kó ẹrù náà dànù tán, kó wá kó èmi náà mọ́ ọn."

Ilé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ti dolóògbé ni Màmá ń gbé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ wó o kí wọ́n tún un kọ́, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi kò burú. Èmi gan-an ni ẹ̀rù máa ń bà jù nílé wa. Mo ti fi aṣọ di gbogbo igun tábìlì nítorí ọmọ mi kékeré. Mo ti ká ẹní tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ kúrò. Bí omi bá ta sílẹ̀ nílé mi, mi ò ní jókòó títí n ó fi nù ún gbẹ, n ó sì tún fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà mi ò bá a jiyàn. Mo kó agolo mílíìkì tó ṣófo, mo kó fáànù tí kò yí mọ́, páálí tí eku ti jẹ, bàtà tí kò ní ẹnìkejì. Mo dé ìdí fèrèsé, mo gbé àpótí ìjókòó kékeré kan tó wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti jẹ, kò dúró gún mọ́. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn tó kù.

Nígbà tó tó àkókò ìrun Àlàásárì, Màmá ṣe àlùwàlá, wọ́n wá sí ìdí fèrèsé láti kírun. Wọ́n ta gìgísẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò kan ohunkóhun. Wọ́n dúró.

"Ta ló gbé àpótí?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, irú ohùn yẹn gan-an ni wọ́n sì fi béèrè rẹ̀. Mo gbé àpótí náà padà sí ojú ibi tí mo ti gbé e. Àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ká àpò mi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ni wọ́n máa ń mú mi lọ bí a bá ti gba ìsinmi gígùn. Ẹfirẹ ni wọ́n ń gbé, létí ọ̀sà. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ níbẹ̀ ni ìró ọwọ́ wọn. Mo ṣì wà lórí ẹní, mi ò tíì la ojú, mo sì ti mọ ibi tí wọ́n dé nínú ilé. Wọ́n á jáde ní yàrá, àtẹ́lẹwọ́ wọn á bọ́ sórí odó tó dojú dé lẹ́nu ọ̀nà: gbì. Lẹ́yìn ìyẹn, èékánná wọn á ha àjẹ̀ tí bàbá àgbà fi wa ọkọ̀ ojú omi nígbà ayé wọn, tó fara ti ògiri. Òjé wẹ́wẹ́ tó wà létí ògbólógbòó àwọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ ìṣó á dún tẹ̀lé e, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Níbi tí ọ̀nà ti yà sí ilé ìdáná ni ìgèrè wà, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja, tòun ti ihò ńlá nídìí rẹ̀. Ìka wọn á gba ara rẹ̀ kọjá, á ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni n ó gbọ́ ọmọrí àmù, omi á ṣàn sínú búta, wọ́n á ṣe àlùwàlá.

Ẹ̀gbẹ́ àmù yẹn ni wọ́n ti ń kírun. Wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á dìde. Wọ́n á ta gìgísẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi kan àpótí náà. Wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á fi ìka kan ikùn àmù tó tutù. Bí àpótí bá ti wà lẹ́yìn, tí àmù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ti kọjú sí gábàsì nìyẹn, ọ̀gangan tó yẹ kí Mùsùlùmí kọjú sí bó bá ń kírun. Èmi rò pé gbogbo arúgbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé náà kún. Bí ẹ bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, òórùn ẹja yíyan, ti ẹrẹ̀ ọ̀sà àti ti kẹrosíìnì ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín, lẹ́yìn náà ni ẹrù. Kò sí ibi tí ènìyàn méjì lè gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà nìkan ni wọ́n ń rìn níbẹ̀ láìfi ara gbún ohunkóhun, wọ́n á máa fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tí ọkọ rẹ̀ ń pẹja, máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá gbé ẹja wá fún wọn láti yan.

"Ìyá, ẹ ti kí ẹrù yín tán láàárọ̀ yìí? Ó ku àwa ènìyàn."

"Ẹrù mi kì í bi mí léèrè ohun tí mo jẹ sùn," ni Ìyá Àgbà á dá a lóhùn. "Òun ni mo ṣe ń kọ́kọ́ kí i."

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá ilé ìwé níbí kí gbogbo ènìyàn lè kà á, ṣùgbọ́n ó dùn ju báyìí lọ lẹ́nu wọn.

Wọ́n á jókòó ti iná, èéfín á bò wọ́n. Wọn kì í wo ẹja tí wọ́n ń yan. Wọ́n á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, wọ́n á yí i padà, wọ́n á ní, "Èyí ṣì mumi." Bí ènìyàn bá wọlé, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ títí yóò fi sọ̀rọ̀. "Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ bí ara rẹ ṣe le," ni wọ́n máa ń wí. Bí ẹni náà bá ti la ẹnu, wọ́n á yí ojú sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ojú Ìyá Àgbà ti fọ́. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹni tó ń kà má baà máa ṣe kàyéfì. Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé àpótí kékeré yẹn lọ sí abẹ́ igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó jẹ ìkọ́kọrẹ́ lórí rẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn láti inú ilé.

"Ta ló gbé àpótí mi?"

Mo sáré wọlé. Ìyá Àgbà dúró ti àmù, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Gbé e padà, ìyá mi. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà. Ibi tó wà."

Wọn kò pariwo mọ́ mi. Ohùn wọn gbọ̀n ni. Mo rò pé nítorí ìkọ́kọrẹ́ tó ta sí orí àpótí náà ni, mo fi etí ìró mi nù ún.

Ọ̀sà ti ń jẹ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn díẹ̀díẹ̀. Igi àgbọn tí mo ń wí yẹn tẹ̀ sójú omi. Ní òjò ọdún yẹn, omi wọ ilé ìdáná, ògiri ẹ̀yìn sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n màmá mi, wá láti Òjòwò. Pákó ni wọ́n ń tà, Bàbá Onípákó sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti kọ́ ilé, wọ́n sì ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìyá wọn nínú rẹ̀. N ó sọ òtítọ́ nípa Bàbá Onípákó: mi ò tíì rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ilé ti ṣe tán. Ìsàlẹ̀ ni yàrá yín wà, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ ó kó ẹrù mi?"

"A ó kó o."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ìyá," ni Bàbá Onípákó wí, wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ bo imú, "gbogbo èwo?"

Ìyá ọ̀rẹ́ Bàbá Onípákó kan ló fẹsẹ̀ kọ garawa nínú yàrá ara rẹ̀, tí itan rẹ̀ kán, tí kò sì dìde mọ́. Ìyẹn ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n ti bá màmá mi sọ ọ́ kí àwọn méjèèjì tó jọ wá: ohun tó mọ́, tó sì dára nìkan ni yóò bá Ìyá lọ. Kò ní sí ohun tí yóò dí ẹsẹ̀ wọn lọ́nà.

Wọ́n kó gbogbo ilé síta. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí kékeré láàárín ẹrù náà, màmá mi sì ń gbé nǹkan sókè níkọ̀ọ̀kan.

"Odó yìí ti là, Ìyá. Ẹ ò gúnyán mọ́."

"Mo ń lò ó."

"Kí lẹ ń fi ṣe?"

"Mo ní mo ń lò ó."

Bàbá Onípákó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, igi ni mò ń tà. Ẹ jẹ́ n gbẹ́ odó tuntun fún yín." Wọ́n yí odó náà lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin aládùúgbò, pé kó fi dáná ẹja.

Wọ́n gbé ìgèrè. "Èyí ńkọ́? Ẹja wo lẹ fẹ́ fi mú ní Òjòwò, Ìyá? Àfi bí ẹ bá fẹ́ dẹ ẹ́ sójú títì, kí ẹ fi mú ọ̀kadà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà náà fa ètè, ṣùgbọ́n wọ́n ti na ọwọ́ sí ibi tí ìró ìgèrè náà ti wá, ọkọ obìnrin aládùúgbò sì ti gbé e kọjá. Ó ní òun yóò dí ihò rẹ̀.

Nígbà tó kan àjẹ̀, Ìyá Àgbà dìde dúró. "Ti bàbá yín nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Ìyá, ta ni yóò máa fi í wa ọkọ̀ nínú yàrá?" Bàbá Onípákó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi ṣe sàárà fún Bàbá. Ẹni tó bá ń fi í ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ á máa dé bá wọn níbi tí wọ́n wà."

Ìyá Àgbà tún jókòó. Wọn kò lè sọ pé àjẹ̀ yẹn ló ń fi hàn wọ́n pé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n dé, nítorí bí wọ́n bá sọ ọ́, wọ́n ti sọ èyí tó kù. Wọ́n kàn ń tẹ́tí sí bí ọ̀nà tí wọ́n ń rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ṣe ń lọ sí ilé àwọn ẹlòmíràn. Àwọ̀n lọ. Àmù fọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e. Níkẹyìn Bàbá Onípákó ní kí wọ́n dìde kí wọ́n wọ ọkọ̀.

"Àpótí tí mo jókòó lé ńkọ́?"

"Ìyá, àga onítìmùtìmù ń dúró dè yín."

Mo mú wọn lọ́wọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ wọn tutù. Mo rántí pé wọ́n bojú wẹ̀yìn, mo sì rò pé ilé ni wọ́n ń wò.

Ilé Òjòwò mọ́ bí àwo. Òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Wọ́n fi táìlì tẹ́ gbogbo ilẹ̀, wọ́n ta aṣọ fèrèsé tó nípọn tí oòrùn kì í gbà wọlé. Nínú yàrá Ìyá Àgbà, bẹ́ẹ̀dì wà, àga wà, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri wà, kò sì sí ohun mìíràn. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ á tún padà bá a. Bàbá Onípákó fi ayọ̀ mú wọn yí i ká. Wọ́n nawọ́ sí fèrèsé. "Gábàsì nìyẹn, Ìyá."

"Mo ti rí i," ni Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n jókòó sórí àga náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ìró ọwọ́ wọn ti dákẹ́. Ìsinmi wa kò tíì parí, èmi àti màmá mi sì dúró tì wọ́n níbẹ̀. Mo máa ń jí láàárọ̀, n ó máa retí odó, n ó máa retí òjé àwọ̀n, ìró ìgbálẹ̀ aládùúgbò nìkan ni n ó gbọ́. Ìyá Àgbà tó ń jí yan ẹja tẹ́lẹ̀ wá ń dúró kí a gbé oúnjẹ wá bá wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, wọ́n á pè mí.

"Ìyá mi dà? Wá bá mi rìn."

Mo gbà pé eré ni. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé èjìká mi, wọ́n á fi ọwọ́ kejì máa gbá ògiri lọ. Ògiri náà ń dán, ọ̀kan náà ni láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà kan tí mo ti jáde lọ ṣeré, mo padà bá wọn láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dúró gbagidi, ọwọ́ wọn nà síwájú, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. "Atẹ́gùn ibí yìí dára," ni wọ́n wí.

Bàbá Onípákó sọ fún màmá mi pé Ìyá ń bínú ni. "Ẹfirẹ ṣì wà lọ́kàn wọn. Ara wọn á balẹ̀ bó bá yá." Wọ́n ra rédíò fún wọn. Wọ́n ra bàtà tí kì í yọ̀.

Ìrun ló tú àṣírí náà. Bàbá Onípákó tètè dé láti ibi pákó lọ́jọ́ kan, wọ́n sì yà láti kí ìyá wọn. Mo wà lẹ́yìn wọn, mo gbé omi dání. Ìyá Àgbà ń kí Àlàásárì lọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun wọn dáadáa, wọ́n dúró tìdúrótìdúró lórí rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì kọjú sí. Fèrèsé wà lẹ́yìn wọn pátápátá. Bàbá Onípákó dúró títí Ìyá Àgbà fi sálámà parí ìrun.

"Ìyá, ẹ kọ ẹ̀yìn sí gábàsì."

Ìyá Àgbà kò kúrò lórí ẹní. "Ṣé lóòótọ́?"

"Fèrèsé ni gábàsì. Mo fi hàn yín lọ́jọ́ tí ẹ dé."

"O nawọ́ sí i. Mo gbọ́ aṣọ rẹ bó o ṣe nà án."

Bàbá Onípákó lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fì í níwájú ojú ìyá wọn, lọ síwá, lọ sẹ́yìn. Lẹ́búlẹ́bú igi ń já bọ́ láti ara apá aṣọ wọn sórí ẹní. Ojú náà kò ṣẹ́. Mo ṣì rí ọwọ́ yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí, bó ṣe ń fì, tí kò mọ bí yóò ṣe dúró.

"Láti ìgbà wo, Ìyá?"

"Kí bàbá yín tó kú ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ló wá ṣú pátápátá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Bí mo bá sọ, ẹ ó mú mi kúrò nílé mi."

"Ṣé a ò wá mú yín kúrò báyìí?" Bàbá Onípákó ti ń sunkún.

"Ẹ mú mi kúrò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn títí di ọjọ́ yẹn."

Màmá mi ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbọ́ ìyẹn. Ìyá Àgbà wá béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Gbogbo ìrun tí mo ti kí láti ìgbà tí mo dé ibí, ibo ni mo ń kọjú sí?"

"Ọlọ́run gbà á, Ìyá. Kò sí ibi tí ẹ lè kọjú sí tí kò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbi gbogbo," ni Ìyá Àgbà wí. "Èmi ni mi ò mọ ibi tí mo wà."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá Bàbá Onípákó lójú ọ̀nà Ẹfirẹ. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ pé àwọn yóò to odó, àjẹ̀, àwọ̀n àti ìgèrè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí gbogbo ilé tilẹ̀ ń rùn. Ṣùgbọ́n odó ti jóná lábẹ́ ẹja. Wọ́n ti fa àwọ̀n ya, wọ́n fi yí ọgbà ewébẹ̀ ká. Ìgèrè wà lábẹ́ omi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí. Àjẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi í wakọ̀ bọ̀ wá sí èbúté, wọn kò sì lè gbà á. Wọ́n ti fi ṣe sàárà fún òkú. Ohun tí Mùsùlùmí bá ti fi ṣe sàárà kì í tún padà sí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà ṣe àdúà fún bàbá àgbà níṣojú àwọn, àwọn sì ṣe àmín, àwọn padà.

Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀, Ìyá Àgbà mi orí. "O ṣeun tí o ò gbà á. Ti bàbá yín ni."

Àpótí kékeré nìkan ni Bàbá Onípákó gbé dé, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e sínú yàrá, wọ́n mú ọwọ́ ìyá wọn, wọ́n wọn ibi tí yóò wà títí gìgísẹ̀ fi kàn án, tí fèrèsé sì wà níwájú gan-an. Ìyá Àgbà dúró níbẹ̀, wọ́n ta gìgísẹ̀ sẹ́yìn, ó kàn án. Wọ́n mí kanlẹ̀. Àyè yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ nínú ilé ńlá náà, láti orí àga dé ìdí àpótí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn ín, tí wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Wọn kò tún rìn ju ibẹ̀ lọ mọ́. Bàbá Onípákó ra odó mìíràn, wọ́n gbé igi tó jọ àjẹ̀ ti ògiri. Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ̀ wọ́n, ọ̀nà tuntun sì ti pọ̀ jù fún wọn láti kọ́. Lẹ́yìn ọdún iléyá, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn kò dìde. Màmá mi wà lára àwọn tó wẹ̀ wọ́n. Títí tí Bàbá Onípákó fi jáde láyé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ bí a bá dárúkọ ìyá wọn: "Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn má kọ ni."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí òun ni mò ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ nílé. Òun náà ni àbúrò mi ń sọ lórí fóònù. Ìfẹ́ ló ń bẹ nínú rẹ̀, ìyẹn ló mú kó ṣòro láti dá dúró.

Màmá kírun tán lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, gìgísẹ̀ wọn lára àpótí Ẹfirẹ. Mi ò bi wọ́n bóyá ojú wọn ṣì ń ríran. Mo mọ ìdáhùn tí wọ́n á fún mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn dé ilé ìdáná kí ẹ padà." Wọ́n wò mí, tàbí kí n sọ pé wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n sì dìde. Ọwọ́ wọn bọ́ sórí máṣíìnì ìránṣọ tí kò ní abẹ́rẹ́ mọ́. Ó kan dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì. Lẹ́nu ọ̀nà, ìka wọn dúró lórí ìkọ́ tí agboòrùn bàbá mi fi kọ́, agboòrùn tí irin rẹ̀ ti ṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ní lọ́kàn láti jù nù. Ní ilé ìdáná, níbi tí mo ti gbé páálí kúrò láàárọ̀, ọwọ́ wọn kan òfuurufú, ẹsẹ̀ wọn sì dúró.

"O ti kó ilé mi o," ni Màmá wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ mú páálí tí eku jẹ yẹn padà nínú pàǹtí.

Màmá ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Àwọn ẹrù yẹn la kọ́kọ́ kó, bí wọ́n sì ṣe tò tẹ̀léra ní Òjòwò la tò wọ́n síbí. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé wọn. Àbúrò mi wá kí wa, ó rí agboòrùn náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó kọ́kọ́ jókòó kó wò. Ó jókòó títí Màmá fi kọjá lọ sí ilé ìdáná tí wọ́n sì padà. Lẹ́yìn náà ó bojú wolẹ̀.

Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ tó jí, mo máa ń gbọ́ máṣíìnì, n ó gbọ́ dúrọ́ọ̀mù, n ó gbọ́ irin agboòrùn tó ń dún díẹ̀. Mo máa ń dúró lórí bẹ́ẹ̀dì títí n ó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pé. Bí ó bá pé, inú mi á dùn, ẹkún á sì tún máa gbọ̀n mí, nítorí mo mọ ẹni tí a kò ṣe é fún.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú àgbàlagbà kan kúrò nílé, ẹ má kọ́kọ́ mú àpò. Ẹ má sì bi í pé kí ló ń fi nǹkan wọ̀nyẹn ṣe, nítorí ó lè má lè sọ ọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kó rìn kọjá nínú ilé rẹ̀ lójú yín. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e dání.